Ìṣẹ́jú Méjìléláàádọ́rin

Nimat Sàláhúdéènì ni gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni ni, ní Aládé, lẹ́yìn ọjà, níbi tí òkúta ti bo ìdajì ojú ọ̀run tó fi jẹ́ pé oòrùn kì í tètè dé ojú fèrèsé. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Sìmẹ́ǹtì àti páànù ni bàbá rẹ̀ ń tà, ọkàn bàbá náà sì ni pé kí ọmọ òun wá jókòó ti òun ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n láti kékeré ni Nimat ti ń tú rédíò wò. Nígbà tó jáde ní polí, tí Dókítà Fọláyan tó ni ilé ìwòsàn náà gbà á síṣẹ́, bàbá rẹ̀, Alhaji, ní, "Ó dáa. Lọ máa tún ẹ̀rọ àwọn aláìsàn ṣe. Láádá wà níbẹ̀."

Ohun tí Dókítà Fọláyan fi ń yangàn jù lọ ni ẹ̀rọ síkáànì rẹ̀, èyí tó ń ya àwòrán inú orí àti inú ara. Kò sí dókítà tó lè ka àwòrán orí dáadáa níbẹ̀, Àkúrẹ́ ni ẹni tó ń kà á wà. Nítorí náà, bí Matthias tó ń ya àwòrán bá ti yà á tán, àwòrán a bọ́ sínú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú gbogbo rẹ̀. Láti inú sáfà ni yóò ti gba inú súwíìṣì, àpótí pẹlẹbẹ kan tí gbogbo okùn ti pàdé, kó tó dé kọ̀ǹpútà iwájú. Kọ̀ǹpútà iwájú ló ń fi í ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́.

Ibi tí wàhálà wà ni àárín sáfà àti kọ̀ǹpútà iwájú. Yàrá méjì péré ló pín wọn níyà, síbẹ̀ àwòrán orí kan, tó máa ń tó irínwó ojú, a máa lo ogún ìṣẹ́jú lójú ọ̀nà. Dókítà Fọláyan ra káàdì nẹ́tíwọ̀kì tuntun, ibi tí okùn ti ń wọ kọ̀ǹpútà, fún méjèèjì, oní gígábíìtì mẹ́wàá, èyí tí àwọn tó tà á fún un ní yóò máa fò bí ẹyẹ. Wọ́n fi í sí i. Kò fò. Ó ń wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Oṣù kan gbáko ni Nimat fi jókòó ti káàdì yẹn. Ó rí i pé sáfà ní ọpọlọ mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ọ̀kan ṣoṣo ni káàdì náà ń kàn ní gbogbo ìgbà tí ohun kan bá dé. Ọ̀kan yẹn ń làágùn, méje ń sùn. Ó tún rí i pé ibi tí káàdì ń kó nǹkan sí de ọpọlọ ti kéré jù. Ó ń kún, ó ń dà sílẹ̀, èyí tó bá sì dà sílẹ̀, wọ́n á tún un rán láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fẹ ibẹ̀ sí i. Ó pín ìkànlẹ̀kùn náà fún ọpọlọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó sì kọ́ káàdì náà pé kó má ṣe kanlẹ̀kùn fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́, kó kó wọn jọ díẹ̀ kó tó pariwo. Ogún ìṣẹ́jú di mẹ́ta. Matthias jó láàárín yàrá síkáànì. Dókítà Fọláyan ra mọ́ọ̀tì fún gbogbo òṣìṣẹ́.

Ì bá dúró síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà: ǹ bá ti dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tọ́ adùn iṣẹ́ wò mọ̀ pé kì í tètè tó.

"Ẹ wò ó, Bọ̀dá Matthias," ló sọ lọ́jọ́ kan, "ó dà bí ẹni tó ń kó kòkó láti oko wálé. Agolo mílíìkì ni a fi ń bù ú báyìí. Mo fẹ́ ká máa fi àpò kó o."

"Kí ló wá dé tí wọn kò ti fi àpò kó o látìbẹ̀rẹ̀?"

"Nítorí pé gbogbo ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ gba àpò. Sáfà, súwíìṣì, kọ̀ǹpútà iwájú. Bí ọ̀kan láàárín wọn bá kéré, àpò kò ní wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì ní pariwo. Wọ́n á kàn jù ú nù."

Ó mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́bọ̀ ni ó ṣe é. Ó sọ agolo di àpò lórí sáfà, ó ṣe é lórí kọ̀ǹpútà iwájú, ó sì ṣí ẹnu súwíìṣì sílẹ̀ fún un. Ó fi àwòrán àtijọ́ kan dán an wò: ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Ó rẹ́rìn-ín sókè, òun nìkan nínú yàrá. Ó wá ku ohun kan. Súwíìṣì yẹn, bí èèyàn bá yí nǹkan padà nínú rẹ̀, ó máa ń gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í rántí rẹ̀ bí iná bá lọ, àfi bí èèyàn bá pàṣẹ fún un pé kó fi í pamọ́. Àṣẹ kan péré, ọ̀rọ̀ méjì. Ó ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí Dókítà Fọláyan yọjú pé, "Injiníà wa, jáde wá, àwọn àlejò kan fẹ́ rí bí àwòrán ṣe ń sáré." Ó jáde. Wọ́n yìn ín. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó mú báàgì rẹ̀, ó gba ilé lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, gbogbo nǹkan ń lọ geere.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n gbé Dúrójaiyé dé. Ká má parọ́, wọn kò gbé e, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wọlé. Ará Ìgànná ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tó ń bá Bàbá Ọ̀ṣúndé tọ́jú oko kòkó lọ́nà Owena, tí wọn a sì máa pín èso rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìjì ń bọ̀, ẹ̀ka igi ńlá kan tó ṣíji bo kòkó ya, ó sì bà á lórí. Ó dákú, ó jí. Ó ní kò sí nǹkan, kí wọ́n fún òun lómi. Ìyàwó rẹ̀, Àìníà, ni kò gbà. Ó dá ọ̀kadà dúró, ó jókòó sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó dì í mú gírígírí títí wọ́n fi dé Aládé.

Aago kan ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nimat wà ní iwájú nígbà náà, ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń ṣàwàdà fún nọ́ọ̀sì pé, "Igi yẹn ti ń bínú sí mi tipẹ́." Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àìníà kò rẹ́rìn-ín.

Òjò ti dé nígbà náà, omi ń ya lulẹ̀ láti orí òkúta bí ẹni da agbada. Bí wọ́n ṣe ń múra láti gbé Dúrójaiyé sórí ẹ̀rọ, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ gbé e láàárín ìṣẹ́jú kan. Sáfà àti kọ̀ǹpútà iwájú wà lórí bátìrì, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé iná lọ. Súwíìṣì kò sí lórí bátìrì. Ó kú, ó tan padà, àwọn iná wẹ́wẹ́ rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú ní àwọ̀ ewé bó ṣe máa ń ṣe.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni Matthias ya àwòrán tán. Ó pè láti yàrá síkáànì: "Nimat, ó ti wọ sáfà. Máa fi lọ."

Ó tẹ̀ ẹ́. Lójú kọ̀ǹpútà iwájú, ó kọ ọ́ pé irínwó ó lé méjìlá ni àwòrán. Èyí tó ti dé, òdo.

Ó dúró. Òdo.

Ó tún un tẹ̀. Òdo. Ó ránṣẹ́ kékeré láti kọ̀ǹpútà iwájú sí sáfà láti mọ̀ bóyá ọ̀nà là, sáfà dáhùn lójú ẹsẹ̀: mo wà níbí. Ó rò ó pé okùn ni. Ó pààrọ̀ okùn. Òdo. Ó tún sáfà tàn, ìyẹn gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Òdo. Gbogbo iná ń ṣẹ́jú ewé, gbogbo ohun tó bá béèrè ń dá a lóhùn pé kò sí nǹkan tó ṣe òun. Òógùn ti bo ìsàlẹ̀ híjáàbù rẹ̀.

Matthias wọlé. Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Jẹ́ kí n fi èyí ya ojú ẹ̀rọ mi, kí n fi í ránṣẹ́ sí dókítà lórí Wásáàpù. Bí kò bá tilẹ̀ mọ́, yóò rí nǹkan."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é, títí dókítà Àkúrẹ́ fi bínú pé àwòrán fóònù kò ṣeé kà. Nimat fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ fún Dókítà Fọláyan pé láti ìgbà tí òun ti tún káàdì ṣe, fóònù ti parí.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún," ló ní. "Ó ń bọ̀."

Matthias padà. Ìṣẹ́jú márùn-ún di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nimat tú gbogbo iṣẹ́ oṣù kan tó ṣe lórí káàdì palẹ̀, ó rò pé ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Ó dá ọpọlọ mẹ́jọ padà sí ọ̀kan. Ó dín ibi ìkónǹkansí kù. Òdo.

Ní aago méjì kọjá díẹ̀, Matthias tún yọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé mọ́. "Nimat, ọkùnrin yẹn ti ń sùn. Ìyàwó rẹ̀ ń pè é, kò dáhùn dáadáa."

"Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, Bọ̀dá Matthias. Ẹ jọ̀ọ́."

"Dókítà Fọláyan ní àwọn tó máa ṣiṣẹ́ abẹ ní Àkúrẹ́ kò ní gbà á láìsí èsì àwòrán. Mo fẹ́ lo fóònù yìí."

Ó ti ń yí padà lọ nígbà tí Nimat gbọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, bí ẹni pé kò tíì ń dún tẹ́lẹ̀. Ó rántí pé iná ti lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó wọ inú súwíìṣì, ó wo ìwọ̀n tó wà níbẹ̀. Ti àtijọ́ ni. Ẹnu ọ̀nà ti padà kéré, àpò ńlá ń dé, wọ́n ń jù ú nù, ó ń dé, wọ́n ń jù ú nù, láti bí wákàtí kan ó lé. Ìránṣẹ́ kékeré tó fi ń wò ó bóyá ọ̀nà là, agolo mílíìkì ni; ìyẹn ń kọjá.

Ó yí i padà. Àwòrán irínwó ó lé méjìlá kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.

Dókítà Àkúrẹ́ pè kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Ohùn rẹ̀ le. Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà láàárín egungun orí àti ọpọlọ, ó sì ti ń ti ọpọlọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ gbé e máa bọ̀ nísinsìnyí! Kí lẹ ti ń ṣe látàárọ̀?"

Wọ́n gbé Dúrójaiyé sínú ọkọ̀. Àìníà wọlé tì í láìwọ bàtà. Òjò ṣì ń rọ̀. Kí wọ́n tó wọ Àkúrẹ́, ó kú.

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà Fọláyan pe Nimat sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. Kò pariwo. "Ìjì jà, iná lọ, ẹ̀rọ dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí o kọ ọ́."

"Sà, súwíìṣì ni. Èmi ni n kò fi—"

"Ṣé iná lọ àbí kò lọ?"

"Ó lọ, sà."

"Irọ́ wo ló wà níbẹ̀ nígbà náà?"

Ó kọ ọ́. Ìlà mẹ́rin péré. Ó fọwọ́ sí i, ó sì padà sí yàrá rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ méjì tó yẹ kó ti tẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Súwíìṣì náà dá a lóhùn pé ó ti wà nípamọ́. Ó jókòó síbẹ̀ títí tí wọ́n fi wá gbá yàrá.

Ọjọ́ kẹrin ni Àìníà wá. Ó lọ́ ìró dúdú, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí Nimat ń kọjá, ó dìde.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ wà nídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan ni."

Nimat mú un lọ sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti dé láti Ìgànná," ni Àìníà wí. "Wọ́n ti gbé òkú lọ sílé, ó sì padà wá láti mú mi lọ. Ó ní àbúrò òun fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn, kí ló wá pa á? Ó ní èmi ni mo kọ́kọ́ mú un lọ sí kẹ́mísì kan kí n tó gbé e wá. Ó ní mo fi àkókò ṣòfò. Àwọn kan nílé tilẹ̀ ń sọ pé mo fún un ní nǹkan mu." Ó nu imú rẹ̀. "A kò yà sí kẹ́mísì kankan, omi nìkan ni mo fún un, Àǹtí. Òun ló ní kí n fún òun. Ẹ sọ fún mi, ìgbà wo la dé ibí? Ìgbà wo ni wọ́n wá ní ká máa lọ? Kí ló wà láàárín?"

Nimat lè sọ pé iná ni. Ó ti wà lórí ìwé. Ó wo ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó rí i pé àtàǹpàkò rẹ̀ ti ya, ó ṣì wú.

"Èmi ni mo wà láàárín," ló ní.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò sọ nípa káàdì tàbí gígábíìtì. Ó ní òun yí ẹ̀rọ kan padà kó lè yára, òun kò parí iṣẹ́ náà, àwòrán sì há fún ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́rin. Ó ní Matthias fẹ́ fi fóònù ránṣẹ́, òun ni òun ní kó dúró.

Ohùn Àìníà kò ròkè. "Mo ń gbá a létí nígbà yẹn pé kó má sùn. Mo rò pé ẹ ń ṣiṣẹ́."

"A ń ṣiṣẹ́."

"N kò ní dárí jì yín lónìí, Àǹtí. N kò mọ̀ nípa ọ̀la. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Wọn kò ní gba ẹnu mi gbọ́."

Nimat kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì. Ó mú ọ̀kan lọ fún Dókítà Fọláyan. Dókítà kà á lórí ìdúró.

"Bí ìwé yìí bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde, ìwọ náà á bá a jáde. Wọ́n lè pè wá lẹ́jọ́. O fẹ́ ba ilé yìí jẹ́ fún àwọn tó kù tí ń bọ̀ wá gba ìtọ́jú?"

"Wọ́n ń sọ pé ìyàwó rẹ̀ ló pa á, sà."

"Ìyẹn ẹjọ́ ẹbí wọn."

Nimat gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá sáfà lé orí tábìlì. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ọ̀kadà ni ó gùn dé abúlé Bàbá Ọ̀ṣúndé lọ́jọ́ kejì. Òórùn kòkó tó ń jẹrà nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀, torí kò sí ẹni tó ń yí i kó lè kan dáadáa láti ìgbà tí Dúrójaiyé ti kú. Ọkọ̀ akérò kékeré kan dúró síta. Àbáyọ̀mí, ẹ̀gbọ́n olóògbé, jókòó sórí àga pákó, ọkùnrin gíga tí ojú rẹ̀ pọ́n. Àìníà jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ẹrù rẹ̀ méjì níwájú rẹ̀. Bàbá Ọ̀ṣúndé nìkan ló dáhùn ìkíni Nimat.

Ó ka ìwé náà sókè. Ó kà á títí dé ibi tó ti ní: "Ìyàwó rẹ̀ kò fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Ọ̀dọ̀ wa ni àkókò ti ṣòfò. Àṣìṣe tèmi ni." Lẹ́yìn náà ó nà án sí Àbáyọ̀mí.

Àbáyọ̀mí kò gbà á. "Ṣé ká ní àwòrán yẹn tètè lọ, àbúrò mi ì bá yè?"

"N kò mọ̀, sà. Dókítà Àkúrẹ́ ní ó ṣeé ṣe."

"Ó ṣeé ṣe." Ó dìde. Nimat rò pé yóò lu òun, kò sì sún sẹ́yìn. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè, ó fi bo ojú ara rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nígbà tó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó gba ìwé náà, ó ká a sí mẹ́rin, ó kì í bọ àpò.

"Màá kà á fún wọn nílé," ló sọ. Kò wo Nimat nígbà tó sọ ọ́. "N kò mọ̀ bóyá wọ́n á gbọ́. Màmá wa ti sọ ohun tó sọ níwájú àwọn èèyàn."

Ó yíjú sí Àìníà, ó dúró díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó gbé èyí tó wúwo nínú ẹrù méjèèjì. "Ìyàwó wa, dìde. Ọ̀nà jìn."

Àìníà dìde. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Ọ̀ṣúndé. Ó kọjá lára Nimat, ó wọ ọkọ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ọ̀hún, níbi tí wọn kò ti ní rí ojú ara wọn.

Nígbà tí ìró ọkọ̀ ti lọ tán, Bàbá Ọ̀ṣúndé bi Nimat bóyá ó ti jẹun. Ó ní rárá. Àgbàlagbà náà wọlé, ó sì gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀ mẹ́ta jáde nínú abọ́. Nimat gbé abọ́ náà lé itan, kò lè jẹ ẹ́, kò sì lè dá a padà. Bàbá mú igi kan, ó lọ sídìí kòkó tó ti ń jẹrà, ó ṣí ewé kúrò lórí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Nígbà tó yá, Nimat gbé abọ́ sílẹ̀, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì lọ bá a.